Ṣé ọba tó gbọ́n ni Qin Shi Huang ti ilẹ̀ Ṣáínà?

Ó gbọ́n gan-an tó bá di ká ṣẹ́gun ká sì to ìlú, àmọ́ tó bá di ká ṣèjọba tó máa tọ́jọ́, kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 221 ṣáájú Kristi ló ṣẹ́gun ìjọba mẹ́fà tó kù ní Ṣáínà tó sì sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀kan, ó ní kí gbogbo wọn máa kọ̀wé lọ́nà kan náà, owó kan, ìwọ̀n kan, kódà bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣe máa jìnnà síra ó ṣòfin ẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ lè rìn geere láti ìlú kan sí òmíì.

Ìkà ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó dáná sun ìwé lọ́dún 213 ṣáájú Kristi, ó tún ń fipá kó èèyàn lọ mọ odi lápá àríwá. Ó kú lọ́dún 210, kò sì ju bí ọdún kan lọ tí ọ̀tẹ̀ fi bẹ́: ìtàn sọ pé òjò dá Chen Sheng, tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ náà, àtàwọn tí wọ́n ń kó lọ síbi iṣẹ́ ológun dúró lọ́nà, ikú sì ni ìyà ẹni tó bá pẹ́ dé, ni wọ́n bá ní tó bá jẹ́ ikú náà ni, àwọn kúkú máa jà. Nígbà tó fi máa di 206, ìjọba yẹn ti wó, ọdún 15 péré.

Ohun kan ni pé abẹ́ ìjọba Han tó gbapò ni wọ́n ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ẹ̀, torí náà ìtàn sọ pé ó bo ọ̀mọ̀wé 460 mọ́lẹ̀ láàyè, àmọ́ àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé òótọ́ ni. Han náà sì rèé, ètò ìjọba Qin Shi Huang yìí náà ni wọ́n ń lò lọ.