Kì í ṣe àìsí abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí ẹran yín rù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù 14 ni Fúlàní kan ń bá mi sìn lórí ilẹ̀ éékà mẹ́rin mi lẹ́bàá Ìtòìkín, l'Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti rù kan egungun, wàrà ò sì yọ mọ́. Ọdọọdún la ń sun pápá kí koríko tútù lè hù, àmọ́ ẹ̀kan ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ní kí n sun ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, kí n sì gún wọn lábẹ́rẹ́ ìsanra. Àbí ńṣe ni darandaran yìí ń ta wàrà lẹ́yìn mi?

Ìdáhùn: Kò sí ìkankan nínú ìmọ̀ràn yẹn tó yẹ kí ẹ tẹ̀ lé. Abẹ́rẹ́ ìsanra, abẹ́rẹ́ ìsanra! Èyí tí ò ní orúkọ lára ìgò, ẹ má jẹ́ kó kan ẹran yín. Ebi ló ń pa wọ́n. Màlúù tó wọn 300 kìlógíráàmù á jẹ koríko tútù tó bíi 35 kìlógíráàmù lójúmọ́. Ti mẹ́rìnlá ń lọ sí ìdajì tọ́ọ̀nù, lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Òótọ́ ni pé bí iná bá jó pápá tán, kò ní pẹ́ tí ewé tútù á yọ. Ohun tó ń tàn yín nìyẹn. Oúnjẹ tí koríko tọ́jú sí gbòǹgbò ló fi hu ewé yẹn. Kó tó rí oòrùn fi dá òmíràn padà, màlúù ti já a. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ léraléra, koríko gidi bí eruwà á kú. Ẹ̀kan ò ní kú ní tiẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń rá kiri, iná ò débẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ìṣáná gbin ẹ̀kan! Bó bá sì gbó, ó ti le jù fẹ́nu ẹran. Ewé Akíntọ̀lá náà á wọlé, èyí tí màlúù kì í fẹ́ fẹnu kàn rárá.

Ẹ fi darandaran sílẹ̀. Níbi púpọ̀, wàrà wà lára owó iṣẹ́ ẹni tó ń bá èèyàn da ẹran. Tó bá gbẹ, ilé tiẹ̀ lebi kọ́kọ́ ń wọ̀. Láyé àtijọ́, bí koríko ibì kan bá tán, á kó ẹran lọ síwájú, ilẹ̀ á sinmi. Àmọ́ láti 20 oṣù Kẹsàn-án 2021 tí Gómìnà Sanwo-Olu ti buwọ́ lu òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀ l'Ékòó, inú ọgbà yín ni ìsinmi yẹn ti máa wáyé. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin, ó kéré tán. Lásìkò òjò, kí èyí tí wọ́n bá jẹ tán sinmi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí wọ́n má sì jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Mẹ́rìnlá sì ti pọ̀ jù fún éékà mẹ́rin. Ẹ tà lára wọn kí wọ́n tó rù débi tí alápatà á máa dá iye tó wù ú.

Fún àfikún, ẹ ra èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn oní-gàrí, àmọ́ kí ẹ sá a gbẹ dáadáa o. Májèlé wà nínú tútù rẹ̀.

N ò fojú rí ẹran yín o. Èyí tó bá ń wúkọ́, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná lemọ́lemọ́, kí dókítà ẹran tó wà nítòsí yín yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn kankan.