Ọmọ mi ní ìgbín ni òun fẹ́ sìn, kì í ṣe ajá

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. London la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, ní òun ò fẹ́ ajá, òun ò fẹ́ ológbò. Ìgbín ni òun ń fẹ́, torí wọ́n ní ọ̀kan ní kíláàsì rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìgbín tó ń gbélé láìsí ata nítòsí. Bàbá ọmọ ní tí òun bá lọ sílé lóṣù Kejìlá, òun á mú méjì bọ̀. Ṣé òfin gbà á? Ṣé kò ní kó àrùn ran ọmọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí màmá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ òyìnbó ti ń sin ìgbín ilẹ̀ Áfíríkà níbí, òfin Britain ò sì kọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ó sàn ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọmọ ń tọrọ lọ. Mo mọ ìyá kan tó ra ejò fún ọmọ rẹ̀, tí kò lè wọ yàrá ọmọ náà mọ́ títí dòní.

Ti bàbá ọmọ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé ìgbín wọ bàálù. Èèyàn kì í dédé kó ẹranko ààyè sínú báàgì wọ̀lú. Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti le jù: lọ́dún 2014, wọ́n gba ìgbín ààyè 67 tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles. Ojú wọn ti rí nǹkan ni. Lọ́dún 1966, ọmọdékùnrin kan mú ìgbín mẹ́ta wá sí Miami láti Hawaii, ìyá rẹ̀ àgbà sì dà wọ́n sínú ọgbà. Kò ju ọdún méje lọ tí ìgbín fi lé ní 18,000. Bíi mílíọ̀nù kan dọ́là ni ìjọba ná kí wọ́n tó rí i pa tán.

Níbí náà, òfin ọdún 1981 kan kà á léèwọ̀ láti tú ẹranko tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí sílẹ̀ nínú igbó. Tó bá sú ọmọ, ẹ wá ẹni tó máa gbà á. Ẹ má sọ ọ́ sínú ọgbà.

Ẹyin gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé níbí, ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà ló pọ̀jù. Ìkarahun rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì kéré sí èyí tí màmá mọ̀ lọ́bẹ̀. Tiwa máa ń yé ẹyin ńlá díẹ̀. Èyí lè yé 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni akọ àti abo lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá rà lè yé ẹyin, kódà bó ṣe òun nìkan, tó bá ti bá ìgbín mìíràn gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa tú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ kó o sínú fìríìsà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dà á nù.

Ilé rẹ̀ ò le: ike ńlá onídèérí tó ní ihò afẹ́fẹ́, iyẹ̀pẹ̀ tútù tí wọn ò po ajílẹ̀ mọ́, kí ooru rẹ̀ wà láàárín 20 sí 25 lórí tẹmọ́mítà. Létúsì, kùkúmbà, ọ̀dùnkún, ó ń jẹ gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ máa gún èèpo ẹyin adìyẹ tó ti gbẹ lébúlébú sí i, torí ìkarahun rẹ̀ ò ní lágbára láìsí i.

Ọmọ á fẹ́ fà á kúrò lára ike. Kó má fà á o. Kó fi omi tọ́ ìka, kó rọra ti ìka bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀, kó sì dúró. Ìgbín fúnra rẹ̀ á gun ọwọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ipá fà á, ẹran inú rẹ̀ lè ya kúrò lára ìkarahun.

Ní ti àrùn, aràn tí a ń bẹ̀rù lára ìgbín, ọ̀dọ̀ eku ló ti ń kó o, ẹni tó bá sì jẹ ìgbín tí kò jinná ló sábà máa ń mú. Èyí tí wọ́n tọ́ nínú ike kò bá eku pàdé. Síbẹ̀, kòkòrò inú ìgbẹ́ rẹ̀ lè dá inú rú: ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ fẹnu kò ó, ẹ má sì fọ ike rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ àwo.

Lọ́jọ́ kan ọmọ á ké pè yín pé ó ti kú. Ọ̀sán ló ń sùn, tí ilẹ̀ bá sì gbẹ, ó máa ń fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí kò bá rùn, ẹ gbé e sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ó sábà máa ń yọrí.