Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni òṣùmàrè ń dá òjò dúró?

Olùbéèrè fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ní òṣùmàrè ti yọ, ó ti dá òjò dúró. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá dé ìdí òṣùmàrè, tí ó rí imí rẹ̀ he, yóò di olówó.

Mo ti ka ìdáhùn méjì tí àwọn kan kọ́kọ́ fún un, inú mi kò sì dùn sí ọ̀kankan. Ẹni àkọ́kọ́ ní àìmọ̀kan ni ó ń da àwọn baba wa láàmú, ó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Èkejì ní ọ̀rọ̀ náà dorí kodò ni, pé òṣùmàrè òwúrọ̀ ni ó ń kéde òjò, ti ìrọ̀lẹ́ sì ń kéde pé ojú ọjọ́ yóò dára. Mo mọ ibi tí ó ti gbé e. Ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ àti darandaran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì tọ̀nà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a kì í fi ojú ọjọ́ ìlú onílùú pinnu ìgbà tí a ó sá aṣọ ní Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí òṣùmàrè ń gbé yọ. Kò sí ẹni tí ó lè rí i láìkọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí òjò sì máa rọ̀ ní iwájú onítọ̀hún. Ìtànṣán oòrùn yóò wọ inú ẹ̀kán òjò, yóò tẹ̀ díẹ̀, yóò ta padà lára ẹ̀yìn ẹ̀kán náà láti inú, yóò sì tún tẹ̀ bí ó ti ń jáde, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì gba ọ̀nà tirẹ̀: pupa ní nǹkan bí 42 dígírì sí ọ̀gangan òdìkejì oòrùn, àwọ̀ tí ó dà bí aró ní nǹkan bí 40. Ẹni tí ó bá ń jiyàn, kí ó bu omi sẹ́nu ní nǹkan bí agogo 8 àárọ̀, kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó sì fẹ́ omi náà jáde lẹ́búlẹ́bú níwájú ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Yóò rí òṣùmàrè kékeré tirẹ̀, kò sì sí ejò kankan níbẹ̀.

Nítorí ìwọ̀n 42 yìí, bí oòrùn bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùmàrè kò lè yọ lójú ọ̀run fún ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí i ní Ìlọrin láàárín nǹkan bí agogo 10 àárọ̀ sí agogo 3 ọ̀sán. Ti òwúrọ̀ kò ní ibòmíràn ju ìwọ̀-oòrùn lọ, ní ọ̀nà Ṣakí. Ti ìrọ̀lẹ́ kò ní ibòmíràn ju ìlà-oòrùn, ní ọ̀nà Pàtígi, apá gábàsì tí a ń kọjú sí bí a bá ń kírun.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òjò tiwa, pàápàá èyí tí ó ń bọ̀ tìjì-tìjì pẹ̀lú àrá nígbà tí àsìkò òjò ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń wá, tí ó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ tí ó ń gbé ọ̀rinrin bọ̀ láti inú òkun ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lókè, ní nǹkan bí kìlómítà 3 sí 4, láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń fẹ́, òun ni ó sì ń darí ìjì náà. Nítorí náà, bí òṣùmàrè bá yọ ní òwúrọ̀, òjò tí ó wà lọ́nà Ṣakí ti kọjá lórí wa. Àwọn àgbà kò purọ́. Bí ó bá sì yọ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, òjò tí a ń wò lọ́nà Pàtígi lè jẹ́ èyí tí ń bọ̀ wá bá wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìwọ̀-oòrùn ni òjò ti sábà máa ń wá, ohun gbogbo sì yí padà fún wọn.

Ìyá mi àgbà ní Ọ̀fà, tí kò mọ ìwé kankan, mọ èyí. Bí òṣùmàrè òwúrọ̀ bá yọ, a nu àpáta, a sì da láfún rẹ̀ sá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ẹ kó o! Ẹ kó o!” Apá tí ó ní àsìkò nínú ni a ti jẹ́ kí ó bọ́ sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà, a wá ń bú àwọn tí ó sọ ọ́. Lónìí, fóònù ni a ń bi léèrè bóyá òjò yóò rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì mọ ìlà-oòrùn bí kì í bá ṣe pé ó wọ mọ́ṣáláṣí. Mo gbà pé ìlànà yìí kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní àárín àsìkò òjò, nígbà tí ìkúùkù bo gbogbo ọ̀run, tí òjò sì ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li.

Ní ti ẹ̀sìn, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń bọ Òṣùmàrè ní òrìṣà, wọ́n ń fi ejò ńlá tí a ń pè ní erè ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, wọ́n sì ní òun ni ìránṣẹ́ Ṣàngó tí ń fa omi láti ilẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ń bọ ọ́ ní Brazil títí di òní. Mo gbọ́ tí oníwàásù kan sọ pé inú Kùránì ni a ti fi òṣùmàrè ṣe májẹ̀mú fún Ànábì Nuhu. Rárá o. Inú Bíbélì ni májẹ̀mú náà wà, Jẹ́nẹ́sísì orí 9. Kùránì sọ ti ìkún omi àti ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sórí Júdì, kò mẹ́nu ba òṣùmàrè níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí irú oníwàásù bẹ́ẹ̀ fi yangàn ni Kamal al-Din al-Farisi, Mùsùlùmí ará Páṣíà tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1319, ẹni tí ó rọ omi kún ìgò roboto, tí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín wọlé bá a nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì fi ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kán òjò. Theodoric ti Freiberg ní Jámánì ṣe irú rẹ̀ ní àsìkò kan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì.

Ó wá ku imí òṣùmàrè. Ìwọ̀n 42 dígírì yẹn, láti ojú ẹni tí ń wò ó ni a ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà òṣùmàrè tí mo rí kọ́ ni ẹni tí ó dúró tì mí rí, bí mo bá sì ti ń sún mọ́ ọn ni ó ń sún síwájú. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni lè dé. Àwọn tí ń ta imí rẹ̀ lọ́jà mọ ibi tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń tà.