Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà yín nítorí mẹ́nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní inú LibreOffice Writer, ètò tí a fi ń tẹ̀wé, lẹ ti ń ṣiṣẹ́, Alt kì í ṣí mẹ́nù mọ́. Tí ẹ bá sì fi máòsì ṣí Insert, kí ẹ tó dé inú Table of Contents and Index, ó ti padé tàbí kó fò sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ wá ní ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yín sọ pé kí ẹ gbé e wá kí òun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ìyẹn ni pé kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kó sì tún fi Windows tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé e lọ.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé iṣẹ́ wá nígbà tí ọjọ́ bá ti tán. Alt òsì láàpútọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, Alt ọ̀tún ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó di ọjọ́ kan, ti ọ̀tún náà ò ṣí mẹ́nù mọ́. Mo gbé e lọ bá ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní injiníà. Kò bi mí pé kí ni mo fi sórí ẹ̀rọ náà láìpẹ́. Kò tiẹ̀ ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí òun rí i. Ó ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ní àìsàn, ó gbowó, ó tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Alt ò dáhùn. Ló bá ní fáírọ́ọ̀sì ni, àfi kí òun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, pé òun ti kó iṣẹ́ mi pamọ́.

Fódà Documents nìkan ló kó. Orí Desktop ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi wà, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ọjọ́ ti sún mọ́ tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Òru ni mo fi tún un tẹ̀ látinú ìwé tó fọwọ́ kọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, ọmọ náà jókòó tì mí, ó ń ka ọ̀rọ̀ fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá injiníà náà, ó ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Alt ṣiṣẹ́ lóòótọ́ lẹ́yìn tó fọ́ọ̀mátì ẹ̀ tán. Àmọ́ bí mo ṣe dá ètò kíbọọ̀dù tí mo fi ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn padà sórí rẹ̀ báyìí, Alt tún kú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Púpọ̀ nínú àwọn kíbọọ̀dù tí a fi ń kọ Yorùbá, Alt ọ̀tún ni wọ́n ń lò láti mú àwọn lẹ́tà wa jáde. Tí irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀ bá wà lójú iṣẹ́, Windows á ka Alt ọ̀tún sí ẹni tó tẹ Ctrl àti Alt pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í sì í ṣí mẹ́nù. Kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Alt òsì ni kí ẹ tẹ̀, tàbí F10. Lórí láàpútọ́ọ̀pù mìíràn, Fn pẹ̀lú F10 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ọfà àti Enter, ẹ ti mọ èyí.

Ẹ ṣọ́ra fún Alt òsì pẹ̀lú Shift o. Tí èdè méjì bá wà lórí ẹ̀rọ, òun ló máa ń gbé yín láti ọ̀kan sí èkejì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wọ Advanced keyboard settings, kí ẹ tẹ Input language hot keys, kí ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Windows pẹ̀lú Space ti tó láti fi pààrọ̀.

Ohun mìíràn tó máa ń dà bí kíbọọ̀dù tó kú ni Filter Keys. Tí èèyàn bá di Shift ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows á fẹ́ tan án. Tí ẹ bá gbà láìkà á, kò ní ka bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ fẹ́rẹ́ mọ́. Shift lẹ́ẹ̀márùn-ún, Sticky Keys nìyẹn, tó máa ń jẹ́ kí Shift, Ctrl tàbí Alt dà bí èyí tí ẹ ṣì dì mú. Ẹ wo méjèèjì nínú Settings, Accessibility, Keyboard, kí ẹ pa wọ́n.

Ní ti máòsì, ṣé ẹnikẹ́ni ti bá yín “mú ẹ̀rọ yá” rí? Nínú Registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí, lábẹ́ Control Panel, Desktop, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní MenuShowDelay. 400 ló máa ń wà lórí rẹ̀, ìyẹn ò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀ka mẹ́nù lè dúró díẹ̀ kó tó yí padà. Àwọn tó ń mú ẹ̀rọ yá máa ń sọ ọ́ di 0. Bí ọwọ́ yín bá ti wá gba orí ẹ̀ka mìíràn kọjá báyìí, ìyẹn á ṣí, èyí tí ẹ ń lọ bá á padé. Ẹ dá a padà sí 400, kí ẹ jáde nínú àkáǹtì yín kí ẹ tún wọlé. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn nínú Registry. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ máa gbé máòsì gba ẹ̀gbẹ́ tààrà lórí orúkọ tí ẹ ṣí, ẹ má fi gba ọ̀nà àbùjá.

Tí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe tẹ Insert gan-an ló ń ṣí tó sì ń padé, ẹ yọ máòsì, kí ẹ fi touchpad dán an wò. Máòsì tó ti gbó máa ń tẹ ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí touchpad bá ṣe dáadáa, máòsì lẹ máa rà.

Tí touchpad náà bá sì ti wú sókè, tàbí tó ń tẹ ara rẹ̀, ẹ pa láàpútọ́ọ̀pù náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ṣáájì ẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló ń wú lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè gbiná. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan gún un. Ìyẹn nìkan ni mo máa sọ pé kí ẹ tìtorí ẹ̀ wá oníṣẹ́ lónìí, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọ́ọ̀mátì ẹ̀ láìkọ́kọ́ kó Desktop yín sórí fláàṣì.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ kíbọọ̀dù tí ẹ bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.