Bí ẹ ṣe lè wá orísun ariwo tó ń da rédíò yín láàmú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ariwo tí ẹ ní ó máa ń kùn bí oyin lórí AM láti aago 7 alẹ́ yẹn, inú ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Ẹ fi rédíò kékeré tó ń lo bátìrì gbọ́ ọ, kí ẹ wá pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà, àti ínfátà pẹ̀lú.

Bí ó bá dákẹ́, ẹ máa tan nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ariwo yóò fi dé. Ní ilé tèmi, ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú kan ni, tí a fi sílẹ̀ lára ògiri láìsí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe gbé rédíò sún mọ́ ọn, ariwo náà bo ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Bí kò bá dákẹ́, ìta ni. Ọ̀pá dúdú kan tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ lára ni áńtẹ́nà inú rédíò AM. Ẹ yí rédíò náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ariwo bá lọ sílẹ̀ jù lọ, ọ̀kan nínú orí ọ̀pá náà méjèèjì ló kọjú sí orísun rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ibi méjì tó jìnnà síra, kí ẹ fa ìlà méjèèjì sórí ìwé, kí ẹ sì lọ síbi tí wọ́n ti pàdé.

AM nìkan ni èyí wà fún. Ẹ jìnnà sí wáyà iná bí ẹ bá ń ṣe é, nítorí pé ariwo máa ń gba ara wáyà rìn, yóò sì ṣì yín lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ òpó iná, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ iná ni kí ẹ pè.