Ẹ má tíì fún bàbá yín ní potassium o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa bàbá yín, tí pajápajá ń mú wọn lẹ́sẹ̀ lóru, tí ọkàn wọn sì ń lù ségesège látìgbà tí wọ́n ti ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra hóró potassium, ìyẹn èròjà kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ní kẹ́mísì.

Ohun tójú mi rí nílé wa ní Ṣómólú ni mo fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ màmá mi wú, wọ́n kọ furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀, fún wọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò tètè rọlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di méjì dípò ẹyọ kan, èmi ni mo sì ń rà á. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọn ò lè dìde lórí àpótí ìdáná mọ́ àfi tá a bá fà wọ́n sókè. Mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà: á lù lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́, á tún sáré bíi pé wọ́n ń lé e. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, potassium wọn jẹ́ 2.6, bẹ́ẹ̀ 3.5 sí 5.0 ló yẹ kó wà.

Oògùn yẹn kì í lé omi nìkan, ó ń gbé potassium àti magnesium bá ìtọ̀ lọ, àwọn ló sì wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi potassium sí wọn lára. Màmá ń sunkún pé apá ń ta àwọn bí ata, àmọ́ nọ́ọ̀sì ò gbà kó yára, torí tó bá yára wọlé, ó lè dá ọkàn dúró. Síbẹ̀ kò gòkè dáadáa àfìgbà tí wọ́n fi magnesium kún un: tí magnesium bá kéré, ńṣe ni kíndìnrín á máa da potassium nù.

Èyí tó ń dùn mí dòní ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kíndìnrín wọn ò le, wọ́n sì ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo rò pé ohun tó gba màmá là á gba àwọn náà là. Mo ń ra omi àgbọn fún wọn ní Oyíńgbò lójoojúmọ́, mo tún ra iyọ̀ tí wọ́n ní ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Àṣé potassium pọ̀ nínú omi àgbọn, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe iyọ̀ ọ̀hún! Lisinopril kì í jẹ́ kó jáde, kíndìnrín tó ti rẹ̀ ò sì lè lé e. Ó di 6.7, a gbé wọn dé ẹ̀ka pàjáwìrì lóru. Ọlọ́run ló yọ wá. Ara tó rọ, ọkàn tó ń fo ìlù: bí ti màmá gẹ́lẹ́ ló rí. Ojú lásán ò lè mọ èyí tó pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kéré.

Torí náà, ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ electrolytes (àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ bíi potassium), magnesium àti creatinine (èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) wò, kí wọ́n sì ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, títí kan àgbo. Ẹ má fúnra yín dá oògùn wọn dúró. Tí òòyì bá kọ́ wọn tí wọ́n ṣubú, tàbí tí àyà bá ń dùn wọ́n, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́.

Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí potassium wà nínú wọn, ṣì dáa fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé. Kẹ́ ẹ tó sè é fún wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí creatinine wọn jẹ́.