Èsì: Ṣé ó yẹ kí n kó àwọn ọmọ lọ sí Trim láti Dublin?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní ẹ ò ní mọ́tò, ẹ sì ń rò ó bóyá Trim, ìlú kékeré kan ní agbègbè Meath ní Ireland, tó ohun tí ẹ lè torí ẹ̀ kúrò ní Dublin. Ó tó dáadáa. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀.

Etí odò Boyne ni ilé olódi ńlá ti Trim wà. Hugh de Lacy, tí Ọba Henry Kejì ti ilẹ̀ England fún ní ilẹ̀ Meath ní 1172, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Walter ọmọ rẹ̀ ló parí ẹ̀. Ilé gogoro àárín ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ 20. Afinimọ̀nà ló máa ń múni wọ̀ ọ́, àtẹ̀gùn ẹ̀ sì há, torí náà ẹ di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Newtown, tó wà nítòsí Trim. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ létí odò. Àwókù kàtídírà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1206 wà níbẹ̀, àti sàréè adájọ́ kan tó ń jẹ́ Lucas Dillon àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ère wọn sórí ẹ̀ pẹ̀lú idà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn èèyàn ṣì ń fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lórí sàréè náà, wọ́n gbà pé ó ń wo kókó kéékèèké tó ń yọ sí awọ ara. Ní òdìkejì odò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pariwo orúkọ wọn. Àwókù náà á dá wọn lóhùn.

Ní ti Newgrange, ibojì àtijọ́ kan tó ti lé ní 5,000 ọdún, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì.